Bí A Ṣe Dín Ọrun Afàdétí Kù

Ká ní ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀rín àna mi ló máa ba ọjọ́ mi jẹ́, màá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Èmi ni mo ń gbẹ́ ọrun fún àwọn ọdẹ tó ń wọ igbó ìjọba, torí wọn ò gba ìbọn láàyè níbẹ̀, ọfà nìkan ni. Inú mi sì máa ń tètè bí, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Tí mo bá rí ọrun tí mo fi ọwọ́ mi gbẹ́ nínú òjò, ìjà dé nìyẹn, bó jẹ́ àgbà ló ni ín, bó jẹ́ ọmọdé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ìjà kankan lọ́kàn mi. Mo ń fi òróró pa igi kan lára ni Afàdétí wọlé, ẹ̀rín gba gbogbo ẹnu ẹ̀.

Afàdétí ni ọkọ ọmọ mi. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí tó bá mú ọrun, kì í fà á mọ àyà bíi tàwọn ọ̀lẹ, etí ló ń fà á dé. Èmi ni mo gbẹ́ ọrun ọwọ́ ẹ̀ fún un lọ́dún tó fẹ́ ọmọ mi. Kílò mẹ́rìnlélógún ni agbára ẹ̀. Ìyẹn ni pé tó o bá gbé e kọ́, ó di ìgbà tó o bá fi ẹrù kílò mẹ́rìnlélógún fa okùn ẹ̀ tá à ń pè ní ọsán kó tó tẹ̀ débi tí ọfà ti ń kúrò. Ọkùnrin míì á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á ní kóun dán an wò, á fà á títí ojú ẹ̀ á pọ́n, á wá rántí pé ẹnì kan ń dúró de òun nílé.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wò ó, ọrun yìí ti di ìṣeré ọmọdé lọ́wọ́ mi." Kò tíì jókòó tó fi fà á. Ó fà á dé etí, ó sì dá a dúró síbẹ̀, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ. "Ẹ gbẹ́ òmíràn fún mi, kó le ju èyí lọ dáadáa. Wọ́n ti fẹ́ ṣí igbó. Apá mi ti padà, Bàbá mi. Apá mi ti padà pátápátá!"

Díẹ̀ ló kù kí n jó. Ohun tó fà á rèé: nígbà tí wọ́n ti igbó pa káwọn ẹran lè bímọ ní àlàáfíà, apá ọ̀tún àna mi yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Ife á kàn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójijì. Ó ní ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé èèrà ń rìn nínú ìka òun. Èmi ni mo sìn ín lọ sílé ìwòsàn. Dókítà yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ya fọ́tò egungun ẹ̀, ó ní egungun kan lẹ́yìn ọrùn ẹ̀ ló ń tẹ iṣan tó lọ sí apá. Ó ní, "Iṣẹ́ abẹ ọrùn kì í ṣe nǹkan tá à ń sáré ṣe. Ẹ lọ máa ṣọ́ agbára apá yìí. Tó bá dúró síbi tó wà, a máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tún dín kù, bó ti wù kó kéré mọ, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ sáré padà wá, ká lè tètè ṣí i. Tí iṣan bá fi kú, kò sẹ́ni tó lè jí i."

Wọ́n ní kó máa wá lóòrèkóòrè láti wá máa fi ọwọ́ fún ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń wọn agbára. Bá a ṣe ń bọ̀ lójú títì ló bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ wo ni mo fẹ́ máa lọ fún lọ́rùn níbẹ̀, Bàbá? Ọrun mi ni òṣùwọ̀n mi. Àràárọ̀ ni màá máa fà á. Ọjọ́ tí mi ò bá lè fà á dé etí mọ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti wà níwájú dókítà." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Mo ti ń gbẹ́ ọrun látìgbà tí irun imú mi ò tíì hù, mi ò rí ọrun tó purọ́ rí. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Ìyá Kékeré. Ìyá Kékeré ni mò ń pe ọmọ mi, torí ojú ìyá tó bí mi ló gbé wá, ìrìn ẹ̀ pàápàá. "Tó bá gbọ́ pé wọ́n lè fi abẹ kan ọrùn mi, kò ní sùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká ní ó kàn rẹ̀ mí lápá ni." Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ fún un.

Látìgbà yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń bi í tá a bá pàdé. "Dé etí?" Á ní, "Dé etí, Bàbá." Ọkàn mi á balẹ̀.

Ẹ ò wá rí i pé lọ́jọ́ tó ní kí n gbẹ́ èyí tó le jù ú lọ, ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ náà. Mo ní kó fi ti ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n fi wọn tuntun. Ó lọ kí alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ẹnu ọfà fún un lódìkejì títì, mò ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì látibi tí mo wà.

Mo gbé ọrun kọ́ sára ìṣó, mo fi ìkọ́ òṣùwọ̀n mú ọsán ẹ̀, mo fà á wálẹ̀ débi tó yẹ. Ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sórí kílò mọ́kànlá.

Mo ní òṣùwọ̀n yìí ti bàjẹ́. Mo bú u, mo gbá a lábàrá, mo gbé àpò ìṣó tí mo mọ ìwọ̀n ẹ̀ kọ́ ọ. Àpò ìṣó pé géérégé. Mo tún gbé ọrun kọ́. Mọ́kànlá.

Mo gbé ọrun lọ sójú fèrèsé, mo yí inú ẹ̀ sókè. Inú ọrun ni apá tó máa ń kọjú sí ẹni tó ń fà á. Ibẹ̀ la ti ń ha igi kúrò tá a bá fẹ́ dín agbára ọrun kù. Ẹ̀yìn ẹ̀ ńkọ́? Ẹnì kan ò gbọdọ̀ fi nǹkan kàn án, torí ẹ̀yìn ló ń ru ìnira, tó bá ti lè gbọgbẹ́ níbẹ̀, ó ṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ha ọrun yìí mọ gbogbo ìyẹn. Kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Bó ṣe ha ìhà òkè náà ló ṣe ha ìhà ìsàlẹ̀, kó lè tẹ̀ dọ́gba. Ó fi àfọ́kù ìgò ha á ní ìbú, ó tún wá ha á ní òró kí ojú ẹ̀ lè dán, ó fi òróró pa á kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mo gbé e sún mọ́ ojú mi kí n tó rí ojú ibẹ̀, èmi tí mo gbẹ́ ẹ. Ẹni tó ń ha ọrun báyìí, méjì péré ni wá: èmi, àti ọmọ tí mo bí.

Nígbà tí Afàdétí padà dé, mo ní kó máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ọrun á ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò wo ojú ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo wò. Ibi tó yẹ kó ní ẹran láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì ti jìn wọnú. Bọ́tìnnì ẹ̀wù ẹ̀ méjì ò dé ihò. Èmi tí mò ń rí i lójoojúmọ́! Ibo ni mo ń fi ojú mi wò?

Bó ṣe yí kọ́nà báyìí, mo gbé ọrun, mo forí lé ilé wọn. Télọ̀ kan kí mi lójú ọ̀nà, mi ò dáhùn. Mo bá Ìyá Kékeré lẹ́yìnkùlé tó ń fọ aṣọ.

"Bàbá mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó kí n..."

"Ìwọ lo ha ọrun yìí?"

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ọkọ ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Mi ò ní rọra! Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ta ló bẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí." Ó ń fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ nu ojú, ọṣẹ wá ta á lójú, mi ò mọ èwo ni omijé èwo ni ọṣẹ. "Mo bá a ní bálùwẹ̀ tó ń sunkún, Bàbá. Ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ kú. Mo rí i látojú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó fa ọrun, kò dé etí. Ó tún fà á, kò dé. Ló bá wọ bálùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kí n má bàa gbọ́. Mo gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Nígbà tó sùn lọ́sàn-án, mo gbé ọrun, mo ha á. Díẹ̀ ni mo ha o. Bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."

"Nígbà tó wá di ọjọ́ kejì ńkọ́?"

"Ó fà á dé etí." Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. "Bàbá, ó sáré wọ ilé ìdáná, ó gbé mi sókè, ó ní òun sùn lé apá òun ni lánàá, òun ò mọ̀, òun ti ń ro ohun tí kò sí. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tó ti jẹun bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, tí mo bá ti rí i pé apá ẹ̀ ń gbọ̀n, màá tún dín in kù. Mo gbẹ́ ọfà tó fúyẹ́ síbẹ̀, kí ó má fura pé ọfà ò lọ dáadáa mọ́. Àpò koríko tó wà níbí yìí náà ló ń ta lọ́fà, igbó ṣáà wà ní títì. Mo ní kí igbó tó ṣí, apá á ti yá."

Ọpọ́n ìfọṣọ kan wà níbẹ̀, mo dojú ẹ̀ dé, mo jókòó lé e. Inú tó ń bí mi wálé ò mọ ibi tó máa gbà mọ́. Mo wá sọ fún un. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, mo sọ ohun tí ọkọ ẹ̀ sọ lójú títì, pé ọrun yìí ló fi ṣe òṣùwọ̀n, pé ọjọ́ tí kò bá lè fà á dé etí ni ọjọ́ tó yẹ ká gbé e lọ.

Ọwọ́ ẹ̀ dúró sínú omi. "Ta ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu dókítà?"

"Èmi àti òun."

"Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́. Ẹ wá ní ó kàn rẹ̀ ẹ́ lápá."

Ó ń wò mí. Ó wá rọra bi mí pé, "Bàbá mi, ọjọ́ tó sunkún ní bálùwẹ̀ yẹn..."

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni."

Ó figbe ta. Háà, ọmọ mi! Mi ò gbọ́ irú igbe yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí, kódà nígbà ìrọbí. Ó kó orí sínú ọwọ́ ọlọ́ṣẹ, ó ń wí pé, "Mo ti pa á, mo ti pa á lápá." Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni Afàdétí wọlé. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò sí nílé, ló bá padà. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú? Bàbá, ẹ tún ti bá a jà?" Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

A sọ fún un. Èmi ni mo sọ ọ́, torí ohùn ọmọ mi ò jáde mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá àti ọmọ yìí, ẹ fi mí sílẹ̀ o." Nígbà tó rí i pé a ò rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ, ó mú ọrun kejì wá, èyí tí wọ́n gbé kọ́ sí pálọ̀ tí ẹnì kankan kì í fọwọ́ kàn. Èmi náà ni mo gbẹ́ ẹ, kò tiẹ̀ tó ti ọwọ́ ẹ̀ lágbára. Ó fẹ eruku orí ẹ̀, ó dúró dáadáa, ó fà á.

Kò dé àyà. Apá ẹ̀ ń gbọ̀n látòkè délẹ̀, ọsán bọ́ padà. Ó tún ẹsẹ̀ ẹ̀ tò, ó tún fà á. Ìgbà yẹn ló burú jù. Ó wá fi ọrun yẹn lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gba ti ọwọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì ra inú ẹ̀ látòkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìyá Kékeré, ìwọ lo ṣe èyí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O ṣe é dáadáa," ni ó wí. "Mi ò fura rárá."

Kò fi ṣe ẹ̀gàn o. Mo mọ ohùn ọkọ ọmọ mi. Ó ń yin iṣẹ́ ni, bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe ń yin ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn fún gbogbo wa.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la wà níwájú dókítà. Ó fi abẹ́rẹ́ gún un níka, ó ní kó sọ èyí tó dùn ún. Afàdétí ní kò sí èyí tó dùn òun. Dókítà ní, "Ìgbà wo ló ti dín kù?" Mo ní ó máa tó oṣù méjì. "Oṣù méjì! Kí lẹ wá ń ṣe nílé?" Ìyá Kékeré ní, "Èmi ni, dókítà." Dókítà yẹn ń wò ó, kò yé e. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò fa ọrun rí, pé obìnrin kan fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ débi pé ó ha á dànù? Dókítà ní èyí tó lọ nínú iṣan ti lọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé apá òsì náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kí àwọn sáré ṣí ọrùn ẹ̀ kí wọ́n lè gba ìyẹn là.

Wọ́n ṣí i. Wọ́n gba apá òsì là, tàbí ká sọ pé wọ́n gba díẹ̀ nínú ẹ̀. Ó lè fi mú ṣíbí. Ní ọjọ́ tí ara bá dá, ó lè fi ti bọ́tìnnì kan. Apá ọ̀tún kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó bá ń rìn, tó bá sì fẹ́ jókòó, á fi òsì gbé e sórí itan.

Igbó ṣí. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gba iwájú ilé wọn kọjá láàárọ̀, tí wọ́n bá ti sún mọ́ ibẹ̀, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ń dùn mí. Mo pàdé wọn lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ṣé òkú ló wà níbẹ̀ ni, tẹ́ ẹ fi ń yọ́ rìn? Ẹ máa pariwo yín!" Wọn ò pariwo.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé àwọn méjèèjì ò bá ara wọn jà. Ọmọ mi á wẹ̀ ẹ́, ọkọ ẹ̀ á ní ẹ ṣeun. Ọmọ mi á bu oúnjẹ fún un, ọkọ ẹ̀ á tún ní ẹ ṣeun. Ta ló ń kí ìyàwó ẹ̀ ní ẹ ṣeun bí ẹni tó wà nílé onílé? Tí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń fẹ́ kí ẹnì kan nínú wọn fọ́ àwo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì wọ́n lẹ́yìnkùlé, Afàdétí ní kí ìyàwó òun bá òun gbé ọrun wá. Ó gbé e wá. Afàdétí fi ọwọ́ òsì di ìdìmú ẹ̀ mú, ó ní kó bá òun fi ìka ọ̀tún kọ́ ọsán. Ìyàwó ẹ̀ to àwọn ìka náà sórí ọsán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó pa wọ́n dé. Ọkùnrin yẹn di eyín ẹ̀ pọ̀. Ọsán ò mì.

"Ó le," ni ó wí. Kílò mọ́kànlá! "Ìyá Kékeré, dín in kù."

Ìyá Kékeré ń wo ọrun.

"O ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ mú àfọ́kù ìgò wá."

Ọmọ mi wò mí. Mo ní, "Àna mi, tí wọ́n bá tún mú nǹkan kúrò lára eléyìí, ọfà ẹ̀ ò ní kúrò níbí dé ẹnu ọ̀nà. Kò ní lè pa aláǹgbá."

"Bàbá, mi ò fẹ́ pa nǹkan kan. Mo fẹ́ fà á ni."

Ló bá lọ mú àfọ́kù ìgò wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi orúnkún mú ọrun, ó ń ha á. Òun àti ọkọ ẹ̀ ń wo igi tó ń já bọ́ sórí aṣọ ẹ̀. Ó ha á, ó gbé e fún un, ó bá a to ìka. Kò lọ. Ó gbà á padà, ó tún ha á. Nígbà tó tún gbà á, ọsán sún díẹ̀, kò tó ìbú ìka kan.

"Ó mì!" Ẹ̀rín gba gbogbo ojú ẹ̀. "Ẹ rí i? Bàbá, ẹ rí i? Ó kù díẹ̀."

Mo rí i. Ó fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn ni, ara ẹ̀ ló gbé ọsán lọ. Apá yẹn ò ṣe nǹkan kan. Ìyá Kékeré náà rí i, òun tó to ìka yẹn, òun ló mọ̀ ọ́n jù. Ó gba ọrun, ó ní òun fẹ́ ha á, ìgò ń gé e lórúnkún, kò mọ̀.

Mo gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó dìde. Mo jókòó síbi tó wà, mo gbé ọrun sáàárín orúnkún mi, mo yí inú ẹ̀ sókè.

"Ẹ rọra o, Bàbá," ni àna mi wí. "Kó dọ́gba."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì ń ha á.